Kí ẹ tó tẹ "Accept": bí ẹ ṣe lè mọ iye tí lóònù kánmọ́kánmọ́ máa gbà lọ́wọ́ yín gan-an

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, kò sẹ́ni tó ń yá owó ọjọ́ mẹ́rìnlá torí pé ó wù ú. Owó súkúù ọmọ ti dé, tàbí ọsibítù ní kẹ́ ẹ san nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, tàbí lánlọ́ọ̀dù ń kan ilẹ̀kùn, tàbí ọjà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá ṣí fóònù, ẹ rí áàpù tó ní òun á fún yín lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láìgba ohun ìdógò kankan. Mi ò wá síbí láti bú ẹni tó yá a. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á fún yín, torí ọjà ni owó náà, wọ́n ń tà á ni, ẹni tó ń tà á sì mọ èrè tó wà lórí ẹ̀ dé orí kọ́bọ̀, ẹni tó ń rà á nìkan ni kì í mọ̀.

Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ti ń ṣe akọ̀wé n'Ìbàdàn níbí, àwọn èèyàn máa ń gbé fóònù wọn wá bá mi pé kí n bá àwọn wò ó, ṣé èyí dáa, ṣé kò ní pa àwọn lára. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n gbàgbé % tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú áàpù yẹn ná. Òun kọ́ ni iye ọjà yẹn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ẹ nu ojú nù, ẹ mú bírò àti ìwé.

Nọ́ńbà mẹ́ta péré la nílò. Èkíní ni iye tó máa wọ àkáǹtì yín gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n pe lóònù náà o, iye tí alẹ́ẹ̀tì máa gbé wá ni mò ń sọ. Èkejì ni gbogbo owó tó máa jáde lọ́wọ́ yín títí gbèsè náà á fi parí, èlé níbẹ̀, owó fọ́ọ̀mù níbẹ̀, owó ìnṣọ́ránsì níbẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá pè é. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ tó wà láàárín. Tí áàpù kan tàbí olówó èlé kan ò bá lè sọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún yín kí owó tó wọlé, ẹ má yá owó ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀.

Ó yá, ká ṣe é. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, kì í ṣe ti áàpù kan pàtó, àmọ́ ẹni tó bá ti yá a rí á mọ̀ pé ó jọ ohun tí ojú ń rí. Áàpù ní ẹ lè yá 50,000 náírà, èlé ẹ̀ 1% lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. 1% kéré létí, àbí? Ẹ wá sún ojú fóònù lọ sísàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti rí tíntìntín, ẹ rí i tí wọ́n kọ "service fee 15%". 15% nínú 50,000 jẹ́ 7,500, wọ́n á sì ti yọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Alẹ́ẹ̀tì dún, 42,500. Àmọ́ 50,000 ni wọ́n fi ń ṣírò èlé o, kì í ṣe 42,500, ìyẹn ni pé ẹ ń san èlé lórí 7,500 tí ojú yín ò rí, tí ọwọ́ yín ò kàn. 1% nínú 50,000 jẹ́ 500, ọ̀nà mẹ́rìnlá, 7,000. Lọ́jọ́ tó bá pé, 57,000 ni wọ́n ń retí.

Nọ́ńbà wa dé nìyẹn: 42,500 wọlé, 57,000 jáde, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ yọ 42,500 kúrò nínú 57,000, ó ku 14,500. Iye tí wọ́n ta owó yẹn fún yín nìyẹn. Ẹ tẹ 14,500 sórí kálkúlétọ̀ fóònù, ẹ fi 42,500 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó máa fún yín ní 34 àti díẹ̀. Ẹ ti san 34% láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tẹ́ ẹ bá fi 14 pín in, ó ń lọ sí 2.4% lójúmọ́, kì í ṣe 1% tí wọ́n pariwo ẹ̀ níta. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 365 kẹ́ ẹ lè mọ ti ọdún kan, ó ń sún mọ́ 890%.

Ẹ fi èyí wé ti ìjọba. Lóṣù November 2024, CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, gbé èlé tiwọn tí wọ́n ń pè ní MPR, èyí tí àwọn báńkì fi ń wọn èlé tiwọn, dé 27.5%, gbogbo onílé-iṣẹ́ ló ń ké pé ọrùn ti fẹ́ já, pé báńkì ò ṣeé yá owó lọ́wọ́ wọn mọ́. Lọ́dún kan nìyẹn o. Èyí tó wà lórí fóònù yín ti kọjá 27.5% kí ọjọ́ kejìlá tó pé.

Àwọn kan á ní, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò yá a lọ́dún kan, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí èèyàn kọ méjèèjì sílẹ̀. Ti ọdún wà fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi lóònù kan wé òmíràn, ìkan ní ọjọ́ méje, ìkan ní oṣù mẹ́ta, ìkan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ẹ ò lè mọ èyí tó wọ́n jù àfi tẹ́ ẹ bá gbé gbogbo wọn sórí ọdún kan náà. Ti náírà wà fún ìpinnu. 14,500 náírà, ṣé ohun tí mo fẹ́ fi owó yìí ṣe tó o? Tó bá jẹ́ pé ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí kò sì sí ọ̀nà míì, 14,500 kì í ṣe owó, ẹ san án, ẹ má wo ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ni, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ máa ra aṣọ 42,500 náà tí wọ́n bá ní 57,000 ni iye ẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi: tí mo bá san ṣáájú ọjọ́, ṣé iye náà máa dínkù? Nínú àpẹẹrẹ wa, tẹ́ ẹ bá san lọ́jọ́ kẹta, èlé ọjọ́ mẹ́ta ni 1,500, àmọ́ 7,500 tí wọ́n ti yọ ò ní padà wá, nítorí náà 9,000 lẹ ti san lórí owó tẹ́ ẹ lò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ju 21% lọ. Ó ṣì sàn ju 14,500 lọ ní náírà, ẹ san án tẹ́ ẹ bá ní in, kẹ́ ẹ sáà mọ̀ pé owó "service" yẹn ni èlé gan-an, orúkọ míì ni wọ́n fún un. Àwọn áàpù míì sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n yọ gbogbo èlé, tẹ́ ẹ bá san lọ́la òde yìí kò yí nǹkan kan padà.

Ibi tó burú jù: sísún ọjọ́ síwájú

Ọjọ́ kẹrìnlá pé, 57,000 ò sí nílẹ̀. Áàpù ò bínú rárá, á fi bọ́tìnnì kan hàn yín pé ẹ san 9,000 kẹ́ ẹ gba ọ̀sẹ̀ méjì míì. Ara máa ń tu èèyàn ni, ẹ tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù lójú fóònù lẹ́yìn tẹ́ ẹ san án, 57,000 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Kò dín kọ́bọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 27,000 ti lọ, ẹ wá padà wá san 57,000 lópin, àpapọ̀ 84,000, lórí owó 42,500, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Owó tẹ́ ẹ fi ra owó yẹn ti di 41,500, ó ku díẹ̀ kó tó owó tẹ́ ẹ yá fúnra ẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ irú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe ìwọ̀fà nílé olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó láràárọ̀, èlé lásán ni, ó lè roko fún ọdún márùn-ún kí ojú owó ṣì wà bó ṣe wà, àfi ọjọ́ tí ẹbí bá kó owó náà wá pérépéré kó tó lè padà sílé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ń san owó tí kò dín ojú gbèsè kù, oko olówó lẹ wà yẹn. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yá a, ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó máa san lọ́jọ́ tó pé, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó máa sún un lẹ́ẹ̀mejì. Tí èyí kejì bá bà yín lẹ́rù tẹ́ ẹ sì mọ̀ nínú ọkàn yín pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ti ìdádúró náà wà lọ́tọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "overdue" tàbí "late fee" sí. Ká ní 2% lójúmọ́ lórí 57,000, 1,140 nìyẹn ní ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́wàá 11,400. Ẹ sì rántí pé láti 2020 ni CBN ti gbé ètò GSI jáde, tó jẹ́ pé ẹni tó yá yín lówó, tó bá wà lábẹ́ ètò náà, lè fi BVN yín fa owó ẹ̀ láti inú àkáǹtì yòówù kẹ́ ẹ ní ní báńkì míì. Ojú owó àti èlé rẹ̀ nìkan ni òfin ètò náà ní kí wọ́n fà, kò ní kí wọ́n fa owó ìtanràn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ lè bá báńkì yín sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fà jù. Àmọ́ ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti gbé owó oṣù lọ sí báńkì kejì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Gbọ́mú-lé-lántà ńkọ́?

Àwọn ìyá wa inú ọjà mọ èyí dáadáa, lóònù tí wọ́n ń yá àwọn èèyàn lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, tí wọ́n sì ń pé jọ san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n máa ń pè: yá 100,000, kẹ́ ẹ máa san 5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. 120,000 nìyẹn, 20% péré, ó dà bí àánú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti áàpù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá nọ́ńbà wa mẹ́ta. Ká ní kí owó tó jáde, wọ́n yọ 10,000 pé kó wà lọ́dọ̀ wọn bí owó ìfipamọ́, ẹ máa gbà á lópin, wọ́n tún yọ 3,000 fún fọ́ọ̀mù, káàdì àti ìnṣọ́ránsì. 87,000 ló wọlé. 120,000 máa jáde, wọ́n á dá 10,000 padà, ó ku 110,000. 110,000 yọ 87,000, 23,000. Lórí 87,000, ó ju 26% lọ.

Kò tíì parí síbẹ̀ o, ibi tí wọ́n ti ń mú wa nìyí. Ẹ ò lo 87,000 yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e gan-an lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, 5,000, 5,000, títí ó fi di pé ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, 60,000 ti padà sọ́dọ̀ wọn. Ìṣirò ilé tí mo máa ń ṣe fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n pín iye tó wọlé sí méjì, torí tẹ́ ẹ bá ń dá owó padà díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló ń wà lọ́wọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdajì 87,000 jẹ́ 43,500. 23,000 lórí 43,500 jẹ́ nǹkan bí 53% ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ẹ fi 24 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 52, ó ń sún mọ́ 115% lọ́dún. Mo fi kọ̀ǹpútà ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, ó fún mi ní nǹkan bí 112%, ìṣirò ilé wa ò jìnnà. Ó máa ń sún mọ́ òótọ́ dáadáa tí ìgbà tẹ́ ẹ máa san bá pọ̀, bí ogún sókè, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lẹ máa san, á lé ju bó ṣe yẹ lọ.

Owó tí kálkúlétọ̀ ò lè kà wà níbẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti jókòó rí nípàdé yẹn láàárọ̀, ní fàráńdà ẹnì kan, káàdì nínú ọ̀rá lọ́wọ́, mọ̀ pé tí ẹnì kan nínú wọn ò bá tíì mú tiẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó máa dìde. Òòrùn ń mú, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn, àwọn kásítọ́mà ń débi ìsọ̀ tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹni tó ti san tiẹ̀ láti aago mẹ́jọ ṣì wà níbẹ̀ di aago mọ́kànlá, tó bá yá wọ́n á dá owó jọ bá ẹni yẹn san kí wọ́n lè lọ. Àárọ̀ ọjà mẹ́rìnlélógún. Ẹ bi ara yín iye tẹ́ ẹ máa ń pa láàárọ̀ ọjà kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn, torí owó ni.

Ẹ wá fi owó yẹn sínú ọjà wò. Ká sọ pé ìyá kan ń ta ata àti tòmátò ní Bódìjà, 87,000 ojú owó ẹ̀ ń mú 8,000 wá lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó mọ́tò àti alábàárù. Nínú 8,000 yẹn, 5,000 ni tilé, oúnjẹ àti owó mọ́tò àwọn ọmọ. Gbọ́mú-lé-lántà fẹ́ gba 5,000 náà. 10,000 ń jáde, 8,000 ń wọlé. Èèyàn á ní 2,000 péré ló ń yọ nínú ojú owó, ó ṣeé fara dà. Àmọ́ lọ́sẹ̀ kejì ọjà tó máa rà ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, èrè náà kéré sí 8,000, ohun tó máa yọ sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ. Mo jókòó ṣe é ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ sínú ìwé: nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún, ojú owó á ti ku nǹkan bí 2,800, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀, 30,000. Ìgbà yẹn ló máa ń lọ yá òmíràn níbòmíì. Kì í ṣe pé ìyá yẹn ò mọ ọjà tà, kì í ṣe pé ó ná owó ní ìnákúnàá, ìṣirò ló ti ṣe é láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó bá a ṣe é ni. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá jẹ́ owó òwò lẹ fẹ́ yá, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tí ń bẹ lọ́wọ́ yín: iye tí ọjà ń mú wá lọ́sẹ̀, iye tílé ń jẹ nínú ẹ̀, iye tí lóònù fẹ́ gbà. Tí méjì tó kẹ́yìn lápapọ̀ bá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ gbé e jù sílẹ̀, kò sí àdúrà tó máa yí ìyẹn padà. Ẹ tún wo ìgbà tí ọjà yín ń di owó. Ẹni tó fẹ́ sin adìẹ kérésì mọ̀ pé bíróílà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó ṣeé tà. Lóònù tó ń gba 5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní á ti gba 30,000 kí adìẹ kankan tó kúrò lágọ̀, inú owó oúnjẹ adìẹ ni 30,000 yẹn sì ti máa wá. Ẹni tó ń gbin àgbàdo, tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Irú ọjà báyìí, owó tẹ́ ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan lópin ló bá a lọ.

Àwìn náà lóònù ni, bí kò tilẹ̀ dún bẹ́ẹ̀. Tí oníhóòsélì bá ní 50,000 lówó lọ́wọ́, 56,000 tẹ́ ẹ bá máa san lóṣù tó ń bọ̀, 6,000 lórí 50,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́, 12% lóṣù, 146% lọ́dún. Ó ṣì dín sí ti áàpù gan-an, oníhóòsélì ò sì ní fi fótò yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ti àwọn ṣogúndogójì, orúkọ wọn ti ṣírò fún yín, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn.

Tó bá jẹ́ áàpù náà lẹ fẹ́ lò

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Play Store, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ áàpù náà. Google ò gba áàpù lóònù tó bá ní kí èèyàn san gbogbo owó padà láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tàbí kó tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tó kéré jù, ọjọ́ tó pọ̀ jù, èlé ọdún kan tó ga jù, àti àpẹẹrẹ ìṣirò síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka "91 days" níta, tẹ́ ẹ wá wọlé tí wọ́n fún yín ní ọjọ́ méje, wọ́n ti purọ́ fún Google, ẹ̀yin lẹ wá kàn. Ẹ yọ áàpù náà kúrò. Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé kẹ́ ẹ tẹ líǹkì kẹ́ ẹ fi dáunlóòdù, tí kò sí lórí Play Store rárá, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí wẹ́ẹ̀bù FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Láti 2022 ni wọ́n ti ní kí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì tún gbé òfin tuntun jáde lọ́dún 2025. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe ti áàpù nìkan, torí ilé-iṣẹ́ kan lè ní áàpù mẹ́ta mẹ́rin. Kẹ́ ẹ sì mọ ohun tí ìforúkọsílẹ̀ yẹn jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́ o. Ó sọ fún yín pé wọ́n mọ ilé wọn, ibi tẹ́ ẹ ti lè fẹjọ́ wọn sùn. Kò sọ pé owó wọn ò wọ́n. Áàpù tó gba ìwé àṣẹ lè gba 30% lọ́wọ́ yín lóṣù kan, ìṣirò yín ló máa sọ ìyẹn fún yín.

Tí áàpù bá ní òun fẹ́ wo àwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín tàbí fótò yín, ẹ tẹ "Deny". Láti 2023 ni Google ti ní kí áàpù lóònù má wọ ibẹ̀ mọ́, nítorí náà èyí tó bá ṣì ń béèrè ẹ̀, ohun tó fẹ́ fi ṣe ò mọ́. Ẹ ti gbọ́ ti àwọn tí wọ́n fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, sí àna, pé olè ni ẹni báyìí, nítorí 20,000 náírà. Òfin dídáàbò bo détà ti 2023 ò fàyè gba ìyẹn, àmọ́ kí wọ́n tó dá ẹjọ́, ìtìjú ti dé bá èèyàn. Òun náà wà lára iye tí owó yẹn ń náni, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tí orúkọ yín tó.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kàn

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́, èlé wọn kì í sì í jọ ti àwọn wọ̀nyí rárá. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ìṣòro tó dé, ẹ ò lè wọlé lónìí kẹ́ ẹ yá owó lọ́la. Ẹ wá kan tó wà níbi iṣẹ́ yín, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní àdúgbò, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó bá kéré jù. Àjọ náà ń bẹ: tí ìnira bá dé, ẹ bẹ ẹni tí tiẹ̀ kàn lóṣù yìí pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ oṣù, ọ̀pọ̀ ló máa gbà tí wọ́n bá mọ̀ yín sí ẹni tó ń san déédéé, tẹ́ ẹ bá sì fún un ní 2,000 lórí ẹ̀ fún inú rere ẹ̀, ẹ ṣírò ìyẹn náà, ẹ fi wé ti áàpù.

Tó bá jẹ́ owó súkúù, ẹ lọ bá ọ̀gá súkúù kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ọmọ wálé. Ẹ lọ pẹ̀lú ìdajì lọ́wọ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san ìyókù. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ díẹ̀ ṣáájú fún yín. Ojú lè ti èèyàn láti lọ bẹ̀bẹ̀ báyìí, mo mọ̀, ìdí tí áàpù fi ń rí èèyàn mú gan-an nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó máa rí wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ẹ̀

Ẹ má yá ìkan láti fi san ìkan. Ẹ kọ gbogbo gbèsè sínú ìwé kan, orúkọ, iye tó kù, iye tó ń fi kún un lójúmọ́. Tí owó díẹ̀ bá wọlé, èyí tó ń gùn yára jù lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kì í ṣe èyí tó ń pariwo jù, wọn kì í sábà jẹ́ ìkan náà. Àwọn tó kù, ẹ kọ̀wé sí wọn lórí ímeèlì, pé ẹ fẹ́ san, pé iye báyìí lẹ lè san lóṣù, kí wọ́n dá èlé dúró. Kí ìdáhùn wọn wà ní kíkọ. Ẹ má gba ti ẹni tó pe yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ san sínú àkáǹtì ara òun.

Tí wọ́n bá ń halẹ̀ tàbí wọ́n ń kọ̀wé sí àwọn èèyàn yín, ẹ ṣe screenshot kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí nọ́ńbà àti aago hàn níbẹ̀, ẹ ní kí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí náà ṣe tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC. Tó bá sì jẹ́ pé owó tí ẹ ò tọrọ ló ṣàdédé wọ àkáǹtì yín, òfin 2025 yẹn kọ̀ ọ́ fún wọn, ẹ má ná an, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n sọ ibi tẹ́ ẹ máa dá a padà sí.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san èyí tó kẹ́yìn, ẹ béèrè ìwé tó sọ pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́, ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú rìsíìtì báńkì. Ẹ pa àkáǹtì yín rẹ́ nínú áàpù náà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, torí yíyọ ọ́ nìkan kì í pa détà yín rẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ gba ìwé ìròyìn gbèsè yín lọ́wọ́ kírẹ́díìtì bírò, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè èèyàn sílẹ̀, bíi CRC tàbí FirstCentral, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ ti san tán. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ bíi gbèsè, ìwé tẹ́ ẹ gbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè tún un ṣe.